Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Ẹni Tí Kì í Mutí: Ohun Tí Ìwé Àyẹ̀wò Kò Sọ Tán

Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn ní Òṣogbo pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára, ọtí ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Bí ẹni náà bá jẹ́ àáfà, tàbí Àlájà tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tí ẹnu rẹ̀ kò kan ẹmu rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, yóò ní ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún òun, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ ni wọ́n fún un, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rá ni ó kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kò sì kan ọtí rárá. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ débi pé, nínú àgbàlagbà mẹ́rin káàkiri ayé, ó kéré tán ẹnì kan ni ó ní i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Irú ènìyàn méjì ni ìwé àyẹ̀wò náà máa ń ṣì lọ́nà. Ẹni àkọ́kọ́ á ka "fatty liver, grade 1" lórí ìwé sikáànì tí ó gbà ní Òkè-Fìà, kò sí ibi tí ó ń dùn ún, á ká ìwé náà sínú báàgì, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kejì á ka ohun kan náà, jìnnìjìnnì á bò ó, ó di ọ̀dọ̀ alágbo láti lọ gba ohun tí yóò fi fọ ẹ̀dọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ sílẹ̀ láìbéèrè. Sikáànì ti sọ pé ọ̀rá wà. Ohun tí kò sọ ni bóyá àpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀dọ̀ náà mọ́, àpá yìí gan-an ni ó sì ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀ lára àgbàlagbà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú ìfun wá máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá kí ó tó dé ibòmíràn nínú ara. Bí ṣúgà bá pọ̀ ju ohun tí ara nílò lọ, ẹ̀dọ̀ yóò tọ́jú díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí ebi bá ń pa wá, yóò sì sọ ìyókù di ọ̀rá, èyí tí ó yẹ kí ó kó ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí ara ń tọ́jú ọ̀rá sí lábẹ́ awọ. Ínsúlínì ni èròjà tí ó ń darí ètò yìí. Nígbà tí ènìyàn bá ti ń jẹ ju bí ó ṣe yẹ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rìn, ara kì í gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa mọ́: ọ̀rá abẹ́ awọ yóò máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní àkókò tí kò yẹ, ẹ̀dọ̀ yóò máa gbà á, òun fúnra rẹ̀ yóò tún máa fi ṣúgà ṣe tuntun. Bí ọ̀rá bá ti wà nínú ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ, tí kì í sì í ṣe ọtí ni ó fà á, àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. NAFLD ni àwọn dókítà ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́; láti 2023 ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ ti fẹnu kò sí MASLD, nítorí náà, ẹ lè bá èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì pàdé lórí ìwé yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bá ti gbọ́ "ọ̀rá" ni yóò dín epo ọbẹ̀ kù lọ́jọ́ kejì, tí wọn kò sì ní fọwọ́ kan ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń mu lójoojúmọ́. Níbí ni mo ti rò pé a ti ń ṣe ara wa ní ibi jù lọ. Ìdajì ṣúgà funfun tí a ń lò jẹ́ irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní fructose, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ orí rẹ̀, tí ó sì ń tètè sọ ọ́ di ọ̀rá. Ẹ wo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó fi búrẹ́dì àti tíì tí ó dùn dáadáa jáde nílé. Nígbà tí oòrùn bá mú, ó ra ẹlẹ́rìndòdò tútù kan àti bọ́ǹsì (buns). Ní ọ̀sán, ẹ̀bà tí ó ga lórí abọ́, ọbẹ̀ díẹ̀ àti ẹran kan. Bí ó bá di Sátidé, mọ́ọ̀tì méjì ní ibi ìnáwó. Kò ja ẹnikẹ́ni lólè, kò mutí, kò mu sìgá. Ẹ gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò náà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ iye ṣúgà inú 100ml sí, kí ẹ sì fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀ bí ìgò náà bá jẹ́ 50cl. Bí ẹ bá rí gíráàmù 10 níbẹ̀, gíráàmù 50 ni ẹ óò mu tán, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó dára kí gbogbo ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu àgbàlagbà láàárín ọjọ́ kan má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ. Ìgò kan ṣoṣo ti di ìlọ́po méjì rẹ̀, a kò sì tíì ka ti tíì àárọ̀ mọ́ ọn.

Kì í ṣe ẹni tí ó sanra nìkan ni ó ń kàn. Àwọn kan wà tí apá àti ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, ṣùgbọ́n tí ikùn wọn yọ síwájú, ọ̀rá inú ikùn yìí sì ni ó léwu fún ẹ̀dọ̀ jù. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ dìde dúró, ẹ ká aṣọ sókè, ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, kí ẹ ká téèpù yípo ní àárín méjèèjì, kí ẹ mí èémí jáde bí ẹ ṣe máa ń mí, láìfa ikùn sínú. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ fún ọkùnrin, tàbí 80 fún obìnrin, ó yẹ kí ẹ ronú nípa ẹ̀dọ̀ yín. Bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́, nítorí pé nínú àwọn tí ó ní irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, ó ju ìdajì wọn lọ tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn.

Ní 1980, dókítà Jürgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà wo ẹran ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn kan lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, wọ́n sì rí irú ìbàjẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀mùtí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sanra, àtọ̀gbẹ sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni ìpele kejì àìsàn náà. Ní ìpele àkọ́kọ́, ọ̀rá kàn jókòó sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà tí wọn kì í kọjá ibẹ̀ títí ayé wọn. Ní ìpele kejì, ọ̀rá náà ti ń ta ẹ̀dọ̀ lára, ẹ̀dọ̀ ti wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń kú. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá kú sí ni ara ti ń fi àpá dí i, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣe fún ojú egbò gbogbo. Àpá yìí ni àwọn dókítà ń fi F0 dé F4 díwọ̀n: F0 ni kò sí àpá rárá, F4 sì ni ìgbà tí àpá ti gba ẹ̀dọ̀ já, tí ó ti le gbagidi, tí ó sì ti rí ṣágiṣàgi. Ìrìn rẹ̀ kì í yá. Ní ìpíndọ́gba, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 14 kí àpá tó sún síwájú ní ìpele kan lára ẹni tí ó ní ọ̀rá lásán, àti nǹkan bí ọdún 7 lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn alátọ̀gbẹ ni ó sì yẹ kí wọ́n fura jù.

Ìdí tí àpá fi ń pani ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í rí ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá mọ́. Gẹ́gẹ́ bí omi òjò ṣe ń ya wọ ilé onílé nígbà tí pàǹtírí bá dí gọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ẹ̀dọ̀ gbà kọjá ṣe ń wá ọ̀nà mìíràn: a wú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun títí wọn yóò fi bẹ́, a mú kí ọlọ inú tóbi, omi a sì máa jò sínú ikùn. Nígbà náà ni àwọn àmì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yóò tó yọjú: ojú pípọ́n bí ìyeyè, ikùn gbẹ̀ǹdù, ẹsẹ̀ wíwú, èébì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú, kí ènìyàn máa sùn lójú ọ̀sán kí ó sì máa sọ ìsọkúsọ. Ẹni tí ó bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ó ya ìgbẹ́ dúdú, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé mọ́ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń sun di ọjọ́ kejì.

Kí ni ó ń jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀? Inú ẹ̀dọ̀ kò ní iṣan tí ń gbé ìrora; awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bò ó lóde nìkan ni ó ní i. Àpá lè máa gbilẹ̀ fún ogún ọdún kí ènìyàn má sì mọ ju pé ó ń rẹ òun díẹ̀ lọ, èyí tí yóò kà sí wàhálà iṣẹ́. Èyí tí ó tún burú ni pé àwọn àyẹ̀wò tí a gbẹ́kẹ̀ lé pàápàá lè tàn wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń wo ALT àti AST, èròjà méjì tí ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́, lè wà ní déédéé lára ẹni tí àpá ti pọ̀ lẹ́dọ̀ rẹ̀. Sikáànì tí a fi ń wo inú kì í sábà rí ọ̀rá tí kò tíì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni grade 1, 2 àti 3 tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ọ̀rá, kì í ṣe ìwọ̀n àpá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kọ grade 1 lè ní àpá ju ẹni tí tirẹ̀ kọ grade 3 lọ. Kódà, nígbà tí àpá bá ti gba gbogbo ẹ̀dọ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń dín kù, ó sì lè pòórá, débi pé ẹni tí ó fi sikáànì ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn wé tuntun lè máa dúpẹ́ pé ọ̀rá ti lọ nígbà tí àìsàn ti dé ìpele tí ó kẹ́yìn.

Ìṣirò kan wà tí kò gba owó púpọ̀, FIB-4 ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí, AST, ALT àti platelet, èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni a ń lò fún un, kò sì sí èyí tí yàrá àyẹ̀wò gidi kan ní Òṣogbo kò lè ṣe nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan. AST rẹ̀ jẹ́ 38, ALT rẹ̀ jẹ́ 36, platelet rẹ̀ sì jẹ́ 160. Bí ẹ bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé àyẹ̀wò lè kọ pé gbogbo wọn dára. Ẹ wá fi 56 sọ 38 di púpọ̀, yóò fún yín ní 2128. Ẹ wá nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 36 ni yóò jẹ́; 6 ni. Ẹ fi 6 yìí sọ 160 di púpọ̀, ó di 960. Ẹ fi 960 pín 2128, ẹ óò rí nǹkan bíi 2.2. Bí ó bá kéré sí 1.3, ó ṣeé ṣe gan-an kí àpá tí ó lágbára má sí. Bí ó bá ju 2.67 lọ, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù pé àpá ti pọ̀. Ọkùnrin wa yìí wà ní àárín, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò tí ń díwọ̀n bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, èyí tí wọ́n ń pè ní FibroScan, kì í sì í dun ènìyàn. Nọ́ńbà mẹ́rin tí kò sí èyí tí ó kọjá ààlà ni ó para pọ̀ sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè dá sọ. Fún ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65, 2.0 ni wọ́n ń lò dípò 1.3, ìṣirò náà kò sì ṣeé gbára lé fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 35.

Ewu kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í so mọ́ ẹ̀dọ̀ rárá: àìsàn ọkàn ni ó ń pa àwọn tí ó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ jù lọ. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá kún inú rẹ̀ máa ń tú ọ̀rá àti ṣúgà tí ó pọ̀ jù sínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó ń mú kí àtọ̀gbẹ yá, ó sì ń kan kíndìnrín. Nítorí náà, dókítà tí ó rí ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ yín tí ó sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, tí ó ń bèèrè fún àyẹ̀wò ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kò yà kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ibi tí ikú ti lè tètè wá ni ó ń ṣọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀, àìsàn yìí sì lè fà á nígbà mìíràn kí ẹ̀dọ̀ tó le pátápátá. Ní ilẹ̀ wa, mẹ́dọ̀wú oríṣi B ṣì pọ̀, oúnjẹ tí ó bu, bí ẹ̀pà àti àgbàdo, sì ń mú májèlé aflatoxin wá. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá bá ọ̀rá lẹ́dọ̀ ẹnì kan náà, ewu jẹjẹrẹ a máa ga sí i. Ẹni tí wọ́n bá rí ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B àti C, bí kò bá sì ní ti B, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Mo ní láti sọ ti àgbo, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó jogún iṣẹ́ náà. Gbogbo ohun tí a bá gbé mì ni ẹ̀dọ̀ ní láti ṣiṣẹ́ lé lórí, àwọn ewé àti egbò kan sì wà tí wọ́n lè ba ẹ̀dọ̀ tí ó dá ṣáṣá jẹ́, ká má tíì sọ èyí tí ó ti ń ṣàìsàn. Ògógóró ni wọ́n fi ń rẹ púpọ̀ nínú àwọn àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà káàkiri, nítorí náà ẹni tí ó ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun kì í mutí lè máa mu ún láràárọ̀ kí ó má sì mọ̀. Kò sí àgbo, tíì tàbí hóró oògùn kankan nínú àwọn tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀ tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fọ ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Oògùn òyìnbó náà ní ààlà tirẹ̀: parasitamọ́ọ̀lù tí a bá lò ju iye tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ lọ lè pa ẹ̀dọ̀.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ti wà, ó sì ṣeé ṣe nílé. Bí ẹni tí ó wúwo tó kílò 90 bá dín kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ kù, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ti dín kù. Bí ó bá dín tó mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, wíwú ẹ̀dọ̀ lè lọ sílẹ̀. Bí ó bá tó mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpá pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èyí kò túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ebi pa ara rẹ̀, nítorí pé bí ènìyàn bá jò kíákíá jù, ẹ̀dọ̀ lè tún wú sí i. Kí òkèlè dín kù nínú abọ́, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i. Kí a jẹ ọsàn gẹ́gẹ́ bí ọsàn dípò kí a mu omi rẹ̀ tí wọ́n dì sínú páálí. Kí ẹlẹ́rìndòdò àti mọ́ọ̀tì kúrò nínú ohun tí a ń mu lójoojúmọ́. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ń dín ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kù kódà bí òṣùwọ̀n kò bá sọ̀kalẹ̀, èyí sì ni ohun tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn tí ó ti ń sọ̀rètí nù gbọ́. Oògùn náà ti ń jáde: ní oṣù kẹta 2024 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom, wọ́n sì fọwọ́ sí semaglutide fún un ní oṣù kẹjọ 2025, ṣùgbọ́n àwọn tí àpá wọn ti dé àárín, tí ẹ̀dọ̀ wọn kò sì tíì le pátápátá, ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tí ó ní ọ̀rá lásán. Oògùn àtọ̀gbẹ, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti statin, ìyẹn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí dókítà ti kọ fún yín kò ṣeé dá dúró nítorí pé ẹ gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe yín. Statin kò léwu fún ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀, ọkàn yín ni ó sì ń dáàbò bò.

Bí ẹ bá wá dé iwájú dókítà, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN tàbí ní ibi tí ó kéré sí i, ẹ mú ìwé sikáànì náà dání, kí ẹ sì bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni FIB-4 mi?" Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré, tí kò sì ní àtọ̀gbẹ, lè tún un ṣe lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, alátọ̀gbẹ yẹ kí ó tún tirẹ̀ ṣe láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ fi gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ pamọ́ sínú fáìlì kan, nítorí pé bí nọ́ńbà platelet bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, èyí tí ń mú kí FIB-4 ga sí i, inú àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn nìkan ni dókítà ti lè rí i.